Àga Bàbá Serifat

Ìró àǹkárá ni Ìbídàpọ̀ ró mọ́yà lọ́jọ́ tí Serifat kọ́kọ́ rí i. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún bámúbámú, apá rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ti ń tukọ̀ láti kékeré. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì, ó ń sunkún ọmọ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Eré ni. Dókítà Bámilóyè, obìnrin tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ wẹ́fíà ní yunifásítì, kì í dúró ka ìwé sí akẹ́kọ̀ọ́ létí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ran ìdílé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí ipò wọn. Ìbídàpọ̀ ló ṣe ìyá, Serifat ló ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín.

Serifat dúró gbagidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè tó ti há sórí bolẹ̀.

"Àǹtí," ni ìyá onírùngbọ̀n náà wí, "ẹ ò tíì jókòó."

Ẹ̀rín dákẹ́. Ojú ti Serifat, ṣùgbọ́n ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí kíláàsì tú, ọmọkùnrin náà sáré tẹ̀ lé e dé Abúlé Òkúta.

"Àǹtí Wẹ́fíà, ẹ dákun, ṣé ẹ máa dá ọmọ mi padà?"

"Ìyá Ọmọ, ẹ lọ fá irùngbọ̀n yín ná!"

Bí ìfẹ́ ṣe wọ àárín wọn nìyẹn. Ẹja tí ìyá Ìbídàpọ̀ ń yan létí ọ̀sà Bàrígà ni wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n á sì máa jiyàn títí ẹja á fi tutù.

Àlàájì Moshood, bàbá Serifat, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ ló fi tọ́ ọmọ tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ apẹja ni ẹni tí Serifat fẹ́ fẹ́, Ìlàjẹ, Kìrìsìtẹ́nì, ó pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀rọ mi ò ní tẹ orúkọ yẹn mọ́ tìrẹ láéláé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Mi ò gbà."

Kò sunkún, kò sì sá lọ. Ní Sátidé, ó mú Ìbídàpọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Àlàájì ò wò ó.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ kàwé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyí: bí èèyàn méjì ò bá gbọ́ra wọn yé, wọ́n á pààrọ̀ àga, kálukú á sọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Ẹ dìde, sà."

"Ta ló máa jókòó sórí àga mi?" Àlàájì fìbínú dìde.

Bàbá Àlàájì ló gbé àga náà wá láti Ìsẹ́yìn. Ìyá Serifat pàápàá kì í jókòó sí i.

"Dápọ̀, jókòó."

"Serifat, rárá, àga àgbà—"

"Bí o bá ń bẹ̀rù àga, báwo lo ṣe máa fẹ́ mi?"

Ó rọra jókòó. Ẹnu ya Àlàájì débi pé orí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ló bá ara rẹ̀.

Ìbídàpọ̀ wo ìta, ó sọ̀rọ̀ bí Àlàájì. "Mo tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kírun sí mi lára."

Àlàájì yíjú sí i wìì. "Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà. Ibí ni mo jókòó sí."

"Ó kàn yín, Bàbá," ni Serifat wí. "Ẹ̀yin ni Ìbídàpọ̀ báyìí."

Àlàájì húkọ́. Bẹ́ǹṣì le, oòrùn ẹnu ọ̀nà ń ta á lọ́rùn. "Ọmọ apẹja ni mí. Mi ò lè yí ìyẹn padà. Àwọn ọmọ á mọ àdúrà yín, wọ́n á mọ tèmi." Ó fọwọ́ nu òógùn ọrùn. "Bí ẹ bá lé mi lónìí, mo máa padà wá lọ́la."

"Èsì ńkọ́, Dápọ̀?" ni Serifat béèrè.

Ìbídàpọ̀ dìde, ó fi apá ẹ̀wù nu àga náà. "Kò sí lọ́wọ́ mi. Èèyàn kì í bá ẹnìkejì ṣèpinnu lórí àga rẹ̀." Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Àlàájì ò padà sórí àga rẹ̀.

"Inú mi ò tíì dùn o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mi ò ní kó dùn lónìí. Ṣùgbọ́n òun ni mo máa fẹ́."

"Olóríkunkun." Ó yọ bírò létí, ó fa pépà funfun kan mọ́ra. "Ìwọ, kí ni orúkọ bàbá rẹ? Là á yé mi dáadáa. Èmi kì í ṣi orúkọ tẹ̀ sára káàdì."

Ìbídàpọ̀ gbójú sókè wo Serifat. Serifat sún mọ́ ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Sọ fún wọn, Ìyá Ọmọ," ó ní. "Mo ti jókòó."