Bí Gbogbo Wọn Ṣe Di AA

"Ẹ̀ríolúwa kẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Toheebat. Lórí pápá ilé-ìwé wọn ní Ayétòrò, Ẹ̀ríolúwa, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ pé ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, dúró láàárín àwọn tó fẹ́ sá eré ọlọ́nà jíjìn. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní àkọsílẹ̀ tuntun inú kọ̀ǹpútà fi hàn pé AA ni mí!" ló kígbe sí i.

AA! Toheebat rántí ohun tó ṣe lánàá. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹkúnlé, olùkọ́ eré ìdárayá tuntun, fi ń wo irú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó sáré. Suliat ọ̀rẹ́ rẹ̀, tóun náà jẹ́ SS, ló bẹ̀ ẹ́ títí: "Bá mi yí tèmi sí AA kí n lè sáré. Àbí o kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi mọ́?" Kí Suliat má baà bínú, ó gbà. Ó yẹ kó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé, bí orúkọ bá jẹ́ Suliat, kó fi AA rọ́pò SS. Ìkánjú ò jẹ́ kó kọ "bí orúkọ bá jẹ́ Suliat". Kọ̀ǹpútà kò sì bi í léèrè. Ó fi AA rọ́pò ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, látòkè délẹ̀. Ìlà Suliat nìkan ni Toheebat yẹ̀ wò kó tó pa á dé.

Ó fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, àṣírí á tú. Níbi tó ti ń rò ó, fèrè dún, eré sì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí igi tíìkì ni Ẹ̀ríolúwa ṣubú sí. Ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń ké, "Egungun mi o! Ẹ gbà mí!" Suliat tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dúró gbagidi, ó bú sẹ́kún.

Toheebat sáré bá olùkọ́. "Sà, SS ni Ẹ̀ríolúwa! Èmi ni mo yí i. Gbogbo wọn ni mo yí!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹkúnlé yíjú sí i. "Gbogbo wọn? Toheebat, ìwọ?" Ó fọn fèrè títí eré fi dúró, wọ́n sì gbé Ẹ̀ríolúwa dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn ní Ìlaròó.

Toheebat lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Ẹ̀ríolúwa.

"Láti kékeré ni mo ti ń ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ yìí," ni obìnrin náà sọ. "Ìwọ fi ìka lásán tú ìṣọ́ náà ká."

Ẹ̀ríolúwa kò kú, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ló wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò. Suliat náà jẹ́wọ́ pé òun ló bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lé òun àti Toheebat lọ sílé fúngbà díẹ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Toheebat. Ojú rẹ̀ wá là pé a kì í fi ikú wé oorun. Ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi tẹ́ ọ̀rẹ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá gbà láti parọ́ nítorí ẹnì kan kò mọ iye ẹni tí irọ́ náà máa kàn.