Obìnrin Tó Ń Báni Ṣe Àmín

Àmín tí obìnrin náà ṣe ti yá jù. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹnu ọ̀nà yàrá abẹ́rẹ́ ni tábìlì mi wà, bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn sì kọjú sí mi. Bí mo bá ti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tán, mo máa ń sọ pé, "Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i." Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, bí ìgbà téèyàn ń kíni káàárọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún bàbá káfíńtà kan. Kí bàbá tó lanu, ìyá arúgbó kan tó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì ti dáhùn: "Àmín."

Bàbá ní, "Háà, ìyá ti já àdúrà gbà mọ́ mi lọ́wọ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì la gbọ́ pé bàbá ti kú. Egbò ẹsẹ̀ lásán ló gbé wá.

Ìyá náà tún wà níbẹ̀. Kò gba káàdì, kò béèrè dókítà. Mo ṣàdúrà fún ọmọge kan tí ikọ́ ń dà láàmú, ìyá ló ṣe àmín. Mo ṣe é fún awakọ̀ kan, ìyá náà ni. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ ti kú, ọmọge ò lè dìde nílẹ̀ mọ́, irun ìyá tó funfun báláú sì ti dúdú kirikiri. Kò tún dàgbà jù mí lọ mọ́.

Mo sọ fún dókítà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ sinmi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àbúrò mi wọlé tòun ti oyún oṣù mẹ́sàn-án. Mo ti pinnu pé ẹnu mi ò ní í sọ nǹkan kan. Àṣé akọ̀wé tó ń pín káàdì ti rí ikùn rẹ̀.

"Ìyàwó, Ọlọ́run á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀ o!"

Obìnrin náà gbórí sókè ní ìkángun bẹ́ǹṣì. Ètè rẹ̀ ti ń là. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ṣe àmín!" Mo pariwo mọ́ àbúrò mi. "Tètè ṣe é!"

"Àmín," ó dáhùn, jìnnìjìnnì ti bò ó. Wẹ́rẹ́ ló sì bí kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnu tí mo dì mú tutù bí irin, kò sì sí èémí kankan lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Nọ́ọ̀sì, kí lobìnrin olóbìnrin ṣe yín?" ẹnì kan béèrè.

Mo yọwọ́. Obìnrin náà ò bínú. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, tí gbogbo bẹ́ǹṣì fi gbọ́:

"Kò burú, nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san."

"Àmín," gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó rántí pa ẹnu mi mọ́, mo gbọ́ ohùn èmi fúnra mi láàárín wọn.