Ìwé Tí Marufat Kò Kà Parí

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù," ni Ọ̀gbẹ́ni Mátíù, olùkọ́ èdè Yorùbá, wí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. "Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nípa ìwé kan débi tó fi wù wá kà, òun ni yóò ṣojú wa nínú ìdíje ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Bí Marufat ṣe gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti pinnu pé òun ni yóò lọ. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, wà. Lẹ́yìn tí baba rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ ríṣẹ́ alásè sí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, ó sì fi Marufat sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Láti Iléyá tó kọjá, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbóhùn ara wọn.

Ìwé tí yóò yàn kò ṣòro. Ìyá rẹ̀ ní ìtàn àtijọ́ kan tí wọ́n túmọ̀ láti èdè òyìnbó sí Yorùbá, *Ilé Ahoro Etí Òkun*. Ìtàn ilé ńlá kan tó ti ń wó ni, níbi tí ọmọbìnrin àlejò kan ti ń gbọ́ ẹkún láti yàrá òkè tí wọ́n tì pa. Àṣàkẹ́ máa ń kà á fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Orí kẹsàn-án ni wọ́n dé kó tó lọ. Láti ìgbà náà, bí Marufat bá ti ṣí ìwé ọ̀hún, ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò máa gbọ́. Omi yóò bo ojú rẹ̀, yóò sì pa á dé.

"Kí lo ń yọ ara rẹ lẹ́nu sí?" ni Bushrah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí. "Ẹnì kan ti sọ ìtàn yẹn ní ṣókí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dà á kọ. Ta ló máa mọ̀?"

Marufat mọ̀ pé kò dáa. Àmọ́ àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó dà á kọ, ó kọ́ ọ sórí, òun náà ni wọ́n sì mú.

Lọ́jọ́ ìdíje, Àṣàkẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wá jókòó sí ìlà kejì. Ó ti rù díẹ̀. Marufat sọ̀rọ̀ geere, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ni Ìyáàfin Rose, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, bá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. O ní òkú ìyàwó baálé ilé ló ń sunkún lókè. Orí wo lo ti kà á?"

Marufat kàn méfò. "Ní... ní ìparí, mà."

"Kò sí níbẹ̀. Ta ló ń sunkún gan-an?"

Marufat wo ìyá rẹ̀. Àṣàkẹ́ mọ ìdáhùn, àmọ́ ṣe ló tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, mà," ni Marufat wí. "N kò kà á parí. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo dà kọ."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a," ni Ọ̀gbẹ́ni Mátíù sọ. Ogún ìṣẹ́jú ló fún un láti jókòó ti ìyá rẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Ẹkún ni Marufat fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sun.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ rí yín ni."

"Èmi náà fẹ́ rí ọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ló gbé ọ wá, òun náà ló sì jẹ àkókò wa." Àṣàkẹ́ fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú ọmọ náà. "Lọ kà á parí. Má wo ti omi ojú."

Ó gbà á lọ́jọ́ mẹ́rin. Nínú orí kẹtàlá ló ti rí i pé baálé ilé fúnra rẹ̀ ló ń sunkún, ọkùnrin tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Ọmọ tó lé jáde ni àárò rẹ̀ ń pa á. Marufat pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, mo ti dé ibẹ̀."

"Ṣé o ti wá mọ bó ṣe máa ń ṣe mí níhìn-ín?" ni Àṣàkẹ́ bi í.

Lọ́jọ́ Ajé, Marufat tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Mátíù, ó dúró níwájú kíláàsì. Kò sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀.

"Ẹ ka ìwé yìí," ni ó wí. "Ẹ̀rù á bà yín, àmọ́ ẹ ó rántí ẹni tó jìnnà sí yín. Mo purọ́ pé mo ti kà á. Irọ́ yẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n lè gbójú sókè wò wọ́n. Ohun tí èèyàn kò bá fi òtítọ́ wá, bí ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò ní lè gbádùn rẹ̀."