Akówójọ àti Ọmọ Alágbàfọ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní awò tó lè sọ nǹkan kékeré di ńlá?"

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, èmi ni mo máa ń nu awò kó mọ́ kí oníbàárà tó fi sójú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti dúró níwájú káńtà mi wá sọ ìsọkúsọ, nítorí náà mo ti fajú ro kí n tó gbórí sókè. Ṣùgbọ́n eléyìí ò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó yọ owó onírin dúdú kan nínú bébà tó fi wé e, ó gbé awò lé e lórí, ó wá ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni rí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ayédèrú ni?" ni mo bi í.

"Ayédèrú kẹ̀! Owó yìí dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ẹ wá wò ó."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Lábẹ́ awò, irun ọba tó wà lára owó náà hàn fínnífínní, títí dé ọ̀já tó fi so ó. Mo ní, "Háà!" Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wojú mi. Kí n má parọ́, ẹ̀rín rẹ̀ ló wù mí, kì í ṣe owó.

Ó ra awò náà lọ. Ó tún padà wá ra àpò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń wá láìra nǹkan kan, ó ní òun kàn wá kí àwọn awò yòókù ni.

Fíríjì ló ń tún ṣe. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Owó dúdú yẹn, bàbá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Láti ìgbà náà ló ti ń kó owó àtijọ́ jọ, owó onírúurú orílẹ̀-èdè. Ó ní ìwé ńlá kan tí àwòrán owó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rọ wọ́n. Tá a bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn iṣẹ́, á ṣí i sórí itan mi.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "bó o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, má gbàgbé eléyìí: wọn kì í fọ̀ ọ́ o. Dúdú yẹn ló ń ṣọ́ àwòrán ara rẹ̀."

"Èmi ọmọ alágbàfọ̀ lò ń sọ fún pé kí n má fọ nǹkan?" A rẹ́rìn-ín títí.

Ìyá mi ni alágbàfọ̀. Òun nìkan ló fi aṣọ fífọ̀ àti áyọ́ọ̀nù tọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti rí ẹni tí ọkàn mi fẹ́, ó bi mí pé, "Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó máa ń kó owó jọ, Mọ́mì. Láti kékeré."

Yéè! Ojú ìyá mi tàn. Kò bi mí ní nǹkan míì. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun ń kó owó jọ.

Ọjọ́ tó wá kí ìyá mi, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ó ṣí ìwé tó to àwọn owó rẹ̀ sí fún ìyá mi, tayọ̀tayọ̀.

"Èwo la lè ná níbẹ̀?" ni ìyá mi bi í.

"Kò sí, Mà."

Ó yọ àpótí kékeré kan, ó gbé owó bàbá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kò sí ohun tí òun ní tó jù ú lọ. Ìyá mi yí ojú sí mi.

"Ṣebí o ní ó ń kó owó jọ?"

"Mo ní ó ń kó o jọ, Mọ́mì. Mi ò ní ó lówó."

"Ọ̀gbẹ́ni Akówójọ, o ṣeun. Ọmọ mi ò ní fi owó dúdú se ọbẹ̀. Máa lọ ilé."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àwọn oníbàárà rò pé èmi náà ń wá awò ni. Mi ò lè fi í sílẹ̀, mi ò sì lè fi ìyá mi sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Ta ló kù tó ní?

Agolo kan ló gbà wá. Ìyá mi máa ń bá owó nínú àpò aṣọ àwọn oníbàárà. Á dá a padà fún wọn, àmọ́ èyí tí kò rí olówó rẹ̀, inú agolo ló ń lọ. Mo sọ ọ́ fún Akówójọ, ó sì gbéra lọ bá ìyá mi níbi ìfọṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo gbọ́ pé ẹ ní agolo kan."

"Ṣé agolo náà lo tún fẹ́ fẹ́ ni?"

Akówójọ da owó inú rẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì, ó gbé awò lé e. Èyí ní ọkọ̀ ojú omi, èyí ní ẹyẹ. Ó ní, "Orílẹ̀-èdè tó rọ eléyìí ò sí mọ́, Mà."

Ìyá mi gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Kò sí mọ́ báwo? Àwọn èèyàn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Orúkọ ló yí padà."

Ìyá mi fa àga súnmọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Nígbà tó ṣe, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ dè é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Akówójọ ò wá lónìí ni?" Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti fà sí i. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi ní kí àwọn èèyàn Akówójọ wá tọrọ mi.

Wọ́n wá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ṣáájú wọn. Lẹ́yìn ìkíni, ìyá mi dìde, ó gbé àpótí kékeré tí mo fi owó bàbá rẹ̀ pamọ́ sí jáde.

"Kí ẹ má bàa sọ pé a ò mọ iyì ẹ̀bùn," ló wí, ó sì ṣí i.

Owó náà ń dán yanran. "Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi bó o láàárọ̀. Ẹ wò ó!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fò dìde.

"Ta ló fọ owó àbúrò mi?"

Ẹ̀rín kú lójú ìyá mi. "Èmi ni. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?" Mi ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo ojú yí sí Akówójọ. Ó gba owó náà, ó yọ awò tó rà lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Mo rí omi tó bọ́ lójú rẹ̀ sórí awò. Mo mọ̀ pé bí ojú bá ti ìyá mi níwájú wọn, kò sí ìgbéyàwó mọ́.

"Bàbá, ẹ jókòó," ló wí. "Mọ́mì, ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Wọn kì í fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Irun ọba ti parẹ́, kò sì ní padà mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́."

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu.

"Àmọ́ irú owó yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó wà nínú ìwé mi. Èyí tí ìyá kan jí ní kùtùkùtù fọwọ́ ara rẹ̀ bó kí inú mi lè dùn, mi ò tíì rí i nínú ìwé kankan."

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ rọra jókòó. Ìyá mi bú sẹ́kún. "Akówójọ, dárí jì mí."

"Ẹ ṣáà fún mi lọ́mọ yín, Mà, ká parí ẹ̀."

Ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín.

A ṣègbéyàwó. Títí dòní, tí ìyá mi bá ń bọ̀ nílé wa, láti ìta ló ti máa ń kígbe pé, "Mo rí owó bọ̀ o, mi ò fọ̀ ọ́ o!"

Lọ́jọ́ kan tí mo ń nu tábìlì, mo ṣí ìwé tó to owó rẹ̀ sí. Bébà kékeré máa ń wà lábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, tó kọ bó ṣe rí sí. Lábẹ́ owó bàbá rẹ̀, ó ti fagi lé "Wọn ò fọ̀ ọ́ rí." Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ìyá mi ló fọ̀ ọ́."

Mo pè é. "Ìyá ta ni?"

"Ìyá mi ni," ló dá mi lóhùn. "Àbí ìwọ nìkan lo ni í ni?"