Ohùn Tí Mo Fọ̀ Kúrò Lára Àwo

Àárọ̀ Sọ́ńdè kan ni màmá mi kúnlẹ̀ kí mi bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín.

Bàbá mi tó ti kú fi àádọ́ta rẹ́kọ́ọ̀dù, àwo orin àtijọ́, sílẹ̀, èmi ni mo sì máa ń fọ̀ wọ́n. Màmá ló kọ́ mi: omi tútù, ọṣẹ ẹ̀kán kan, aṣọ tó rọ̀. Kí n máa nù ún yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ, kí omi má kan bébà tó wà láàárín.

Ọ̀kan wà tí omi kì í kàn rárá, torí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi bò ó lè bọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Kò ju báyìí lọ: "Olólùfẹ́ mi, mo ti dé o. Ṣílẹ̀kùn." Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn.

"Aṣọ gbígbẹ nìkan o," màmá kìlọ̀.

Èmi olóye! Mo rí àmì ìka lára ẹ̀, mo bá da sípíríìtì sí i. Ẹ bá mi bi ara mi, ta ló rán mi? Dúdú ara àwo ń bọ́ sí aṣọ mi lọ́wọ́, àwo wá ń dán bọ̀rọ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e: ṣììì. Mo tì í padà sínú páálí ẹ̀, mo panu mọ́.

Sọ́ńdè dé, màmá gbé e sórí ẹ̀rọ bó ṣe máa ń ṣe. Ṣììì. Ó yíjú wò mí. Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo lanu pé kí n sọ pé, "Màmá, èmi ni, ẹ foríjì mí."

Ohun tó jáde ni: "Olólùfẹ́ mi, mo ti dé o. Ṣílẹ̀kùn."

Ohùn bàbá mi ni, kò yingin.

Màmá kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi. Ẹ ò rí i pé ṣe lẹ ń kà mí, ẹ ò gbọ́ mi? Mo wá kọ gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi sínú ìwé, mo fi síwájú màmá. Ó kà á tán, ó fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Mo gbóòórùn sípíríìtì yẹn nígbà tí mo ṣí páálí."

Ó wá fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun mi, jẹ́jẹ́. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ọkọ mi, ẹ jókòó yín síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohùn ọmọ yìí padà wọlé."