Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Gbóná

"Ọkọ̀ tó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, ta ló ń jẹ èrè ẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹni tó ń tún un ṣe?"

Ummulkhair ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Muṣin, bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ Àkàngbé mẹkáníìkì ni. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni, inú àwo kan náà ni wọ́n sì ti jọ ń jẹun láti ìgbà tí wọn ò tíì níyàwó. Ọkọ̀ náà ti gbó débi pé Arúgbó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ni Yẹ̀kínnì, bàbá Ummulkhair, fi ń kó iṣu láti oko Ìgbòho wá sọ́jà Òtò. Bí Arúgbó bá dákẹ́ sọ́nà, ẹ̀bà gbẹrẹfu ni wọ́n ń jẹ nílé.

Ìyẹn ni Yẹ̀kínnì ṣe fẹ́ ra tòkúnbọ̀ ìgbàlódé kan lọ́wọ́ Gbádé, ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ní òpin àdúgbò wọn.

"Ó ń sáré, kì í mu dísẹ́ẹ̀lì, ó tún tutù nínú bí ilé olówó," ni Yẹ̀kínnì wí.

Àkàngbé jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. "Mi ò sọ pé tuntun ò dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko Ìgbòho kì í ṣe títì ọlọ́dà. Bí Arúgbó yìí bá kú sínú ẹrọ̀fọ̀, sípánà àti wáyà ni mo fi ń jí i. Tuntun ní kọ̀ǹpútà nínú. Tó bá dákẹ́ sóko, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní tútù láàárọ̀ kùtù, láìsọ fẹ́nì kan. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn, ìgbà tó bá tutù ló ń hàn. Tí wọ́n bá ti tàn án sílẹ̀ dè wá, wọ́n ti fi aṣọ bo egbò nìyẹn."

Ummulkhair yínmú. Lójú tirẹ̀, oúnjẹ ni Arúgbó jẹ́ fún Àkàngbé, kò sì ní fẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Yẹ̀kínnì ní kó panu mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń ti lẹ́sìnnì bọ̀, Gbádé dá a dúró, ó sì na fóònù tó ń dán sí i.

"Gbà, máa fi kàwé sí ìdánwò ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo máa ṣe fún yín?"

"Kò sí nǹkan kan, jàre! Ọjọ́ tí Dádì bá ń bọ̀ wá wo ọkọ̀, ṣáà fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi ohun mímu sínú fíríìjì dè wọ́n."

Ummulkhair yẹ fóònù náà wò. Ta ló ń fi odindi fóònù ra iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó fura o, ẹ má rò pé kò fura! Ojúkòkòrò ló ní kí ìfura lọ jókòó. Ó ti fóònù náà bọ inú báàgì.

Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbá, bàbá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. "Dìde, ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, wá bá wa wo ọkọ̀." Ummulkhair wọ ilé ìwẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Gbádé.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Gbádé ti ń rẹ́rìn-ín dè wọ́n. Àkàngbé ò tiẹ̀ béèrè kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó sì yára fà á padà.

"Ẹ́ńjìnnì yìí gbóná."

"Oòrùn ni," Gbádé dáhùn.

"Oòrùn wo? Èyí tí ò tíì yọ?" Àkàngbé yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Yẹ̀kínnì, wọ́n mọ̀ pé à ń bọ̀."

Yẹ̀kínnì wò ó tìfura-tìfura. "Ta ló sọ fún wọn? Ṣebí èmi àtìwọ la jọ mọ̀. Àbí ìwọ lo sọ fún un kó tàn án, kó o lè rí nǹkan wí, kí n má rà á? Ọmọ mi ti sọ fún mi, mi ò gbà!"

Ummulkhair wò yíká. Kò sí ohun mímu. Fíríìjì gan-an ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún di báàgì rẹ̀ mú. Fóònù inú báàgì rẹ̀ ńkọ́? Kí ni bàbá rẹ̀ máa ṣe fún un?

"Olè ni ẹ́, Àkàngbé," Yẹ̀kínnì wí. "Ara mi lò ń jẹ láti ọjọ́ yìí."

Àkàngbé gbé àpò sípánà rẹ̀, ó ń lọ. Ó ti dé ẹnu géètì kí Ummulkhair tó bú sẹ́kún.

"Dádì, èmi ni! Èmi ni mo sọ fún wọn! Fóònù tí wọ́n fún mi rèé!"

Yẹ̀kínnì já fóònù náà gbà, ó jù ú sẹ́sẹ̀ Gbádé. Ó sáré bá Àkàngbé lójú títì, ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo oníkẹ̀kẹ́.

"Dìde, Yẹ̀kínnì," Àkàngbé wí. "Ó ti tán."

Ṣé ó tán lóòótọ́? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pẹ́ tí Àkàngbé fúnra rẹ̀ bá wọn rí tòkúnbọ̀ mìíràn, èyí tí ikùn rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Wọ́n bá a ní tútù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn. Òun ló ń sáré láàárín Ìgbòho àti Òtò báyìí, tí Arúgbó sì ń kó iṣu láti inú ẹrọ̀fọ̀ wá sétí títì. Ummulkhair wá rí i pé ọkùnrin náà ò kórìíra tuntun rí.

Ó ti kọ́ ọgbọ́n: ẹ̀bùn tó bá tóbi ju iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ lọ, bi í léèrè kó o tó gbà á, kó o sì tó fura sí ẹlòmíràn, kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà pẹ́ kó tó dé.

Títí dòní, Àkàngbé ṣì ń wá tún ọkọ̀ méjèèjì ṣe. Bó bá parí, Ummulkhair á kúnlẹ̀, á gbé oúnjẹ Àkàngbé àti ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo kan náà bí ti tẹ́lẹ̀. Àkàngbé á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣé, ọmọ mi. Mo ti jẹun."