Omi Tó Pa Ọ̀pẹ Dàbínù

"Ìwọ lo pa wọ́n! Kí lo dà sí wọn nídìí?"

Ẹ̀rúkọ́ Dúdú ti balẹ̀ lápá Ẹlẹ́rìn-ín kó tó rí ọ̀rọ̀ fèsì. Egungun ró kàà bí igi gbígbẹ.

"Yéè! Apá mi o!"

"Tún rẹ́rìn-ín! Ṣebí ẹ̀rín lo mọ̀!" Dúdú tún gbá a níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú kí àwọn ọmọ kíláàsì tó já ọkọ́ gbà.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ló pín ọ̀pẹ dàbínù kéékèèké fún wọn, ìlà kọ̀ọ̀kan. Igi Dúdú ń gba garawa omi kan lọ́sẹ̀, ti Ẹlẹ́rìn-ín ń gba méjì. Olùkọ́ ní, "Ìwọ̀n omi tó yẹ wọ́n la fẹ́ mọ̀, kì í ṣe eré ìje là ń sá. Ẹni tó bá tẹ̀lé e dáadáa ni mo máa kọ̀wé fún kó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀." Alágbàfọ̀ ni ìyá Dúdú, ọmọ náà kò rí ọ̀nà mìíràn tó fi lè kàwé síwájú.

Ìgbà tí ọ̀pẹ Ẹlẹ́rìn-ín yọ ewé tuntun, ó fi Dúdú ṣẹ̀fẹ̀: "Tìẹ ń gbààwẹ̀ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá láàárọ̀, á bu garawa kan sí igi rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi ń kú, Dúdú sì gbà pé Ẹlẹ́rìn-ín ló da nǹkan sí wọn nídìí.

Olùkọ́ sáré dé, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ tó fara pa lọ sílé ìwòsàn. Ó wá fa ọ̀kan tu nínú ọ̀pẹ Dúdú. Omi ru jáde nínú ihò. Gbòǹgbò ti dúdú, ó ń rùn.

"Garawa kan lọ́sẹ̀ kọ́ ló ṣe èyí. Ta ló ń bomi kún un?"

Dúdú ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́n lé e kúrò níléèwé. Ìyá rẹ̀ mú un lọ bẹ̀bẹ̀ nílé Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín fọ́ ọ létí lẹ́ẹ̀mejì, ìyá tirẹ̀ kò dá a dúró.

"Kí ló dé tó ò fi bi mí léèrè kó o tó nà mí?" Ẹlẹ́rìn-ín ló sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú apá ọ̀tún tí wọ́n fi ọ̀já dì.

Dúdú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìdánwò dé, ọwọ́ òsì ni Ẹlẹ́rìn-ín fi kọ ọ́. Kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ọwọ́ yín ṣe, kí ẹ tó na ọwọ́ ìjà sí ẹlòmíràn. Ẹ̀bẹ̀ kì í to egungun.